Ìgò Tí A Kò Rọ Epo Sí

Mo ti ń ta epo páyò létí títì Ìgólò
kí a tó bí Áfísátù.
Ìgò kéékèèké, ìgò ràgàjì,
mo tò wọ́n sórí tábìlì bí ọmọ ilé kéú,
oòrùn á wọ inú wọn, wọ́n á máa tàn bí oyin.
Ẹni tó ní epo ń rùn
kò mọ̀ pé òun ló san owó ilé wa ní Wàńdó,
òun ló ra àgbò ìsọmọlórúkọ.

Òru ló máa ń bẹ̀rẹ̀.
Fée. Fée.
Bí ẹni ń fọn fèrè tí ihò rẹ̀ ti dí.
Ọmọ á jókòó, á fi ọwọ́ méjèèjì ti orúnkún,
èjìká á gòkè, ọ̀fun á jìn,
ojú rẹ̀ á máa wò mí
bí ẹni pé èmi ni mo gbé afẹ́fẹ́ pamọ́.

Ìyá mi ní òtútù ni.
Ó fi òrí pa á láyà, ó finá sí ewé nínú yàrá,
a ti fèrèsé pa,
àwa mẹ́rin àti èéfín,
à ń gbàdúrà, à ń wúkọ́.

Nọ́ọ̀sì Sènámì fún wa ní páǹpù méjì,
ọ̀kan búlúù, ọ̀kan aláwọ̀ ilẹ̀.
“Búlúù fún ìgbà tí èémí bá há.
Aláwọ̀ ilẹ̀ láràárọ̀, lálaalẹ́,
ara ì báà yá, ì báà má yá.”
Mo mi orí.
Orí mímì kì í ṣe ìgbọ́ràn.
Ara ọmọ yá. Oògùn náà wọ́n.
Mo ti aláwọ̀ ilẹ̀ sábẹ́ àpótí.
Aládùúgbò wa tilẹ̀ ní
ẹni tó bá fà á lẹ́ẹ̀kan, ó di bárakú,
ta ni yóò sì fẹ́ ọmọge tó ń fa ike sẹ́nu?
Ọmọ ọdún mẹ́fà.

Ọyẹ́ dé. Eruku bo ewé àgbọn létí ọ̀sà.
Àwọn kọsítọ́ọ̀mù wà lójú títì lọ́jọ́ náà,
Lásísì bá já kẹ́ẹ̀gì méjìdínlógún sí pálọ̀ wa.
Ní agogo mẹ́ta òru, n kò gbọ́ fée mọ́.
Mo dúpẹ́. Mo yí ẹ̀gbẹ́ padà.
Ìyá rẹ̀ ló tan tọ́ọ̀ṣì sí i lójú:
ètè ọmọ ti dà bí aró.

Lórí sẹ́míjàn, ọmọ wà láàrin wa,
mo ń ka èémí rẹ̀
bí ẹni ń ka owó tí kò ní pé.

Ó pé.

Lọ́jọ́ kẹta, Sènámì ní, “Ẹ wá ìgò kan fún mi.”
Èmi, ọ̀gá ìgò! Mo fò dìde.
“Kì í ṣe èyí tí epo ti dé inú rẹ̀ o.”
Mo dúró.
Mo ra omi lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn, mo mu ún tán níbẹ̀,
ó fi wáyà gbígbóná lu ìdí ìgò,
ó ki ẹnu páǹpù bọ̀ ọ́.
Ọmọ fẹnu mú ọrùn ìgò, ó mí, ó mí.
“Bó bá ń dún, ẹ tọ́jú rẹ̀.
Bó bá ń jà fún èémí tí kò dún mọ́, ẹ sáré.
Àìsàn yìí kò lọ, ó ń sùn ni,
aláwọ̀ ilẹ̀ ló ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún kó má jí.”
Lọ́tẹ̀ yìí n kò mi orí.
Mo ní kó tún un sọ.

N kò tíì fi epo sílẹ̀. Kí ni à bá jẹ?
Àwọn kẹ́ẹ̀gì ti kúrò nílé, wọ́n wà ní búkà lọ́nà jíjìn.
Mo ń wẹ̀, mo ń pààrọ̀ aṣọ,
kí n tó gbé e, mo ń gbóòórùn ọwọ́ mi bí olè.
Ìgò rẹ̀ wà lórí ìṣó, a kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára.
Ìyá mi ṣì ń sọ pé òtútù ni.
Ṣùgbọ́n òun ló ń jí ṣí fèrèsé.